Ìyẹ́ adìyẹ àti aṣọ ẹlẹ́kọ

Ẹ sún mọ́ aṣọ yìí dáadáa. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe: ibi tí ẹ̀kọ láfún ti sán ni aró gbà wọlé. Ìyẹ́ adìyẹ yìí ni wọ́n fi ya ẹ̀kọ náà sí i.

Ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà Susanne Wenger kọ́ ló ṣe aṣọ yìí o, àmọ́ iṣẹ́ ẹlẹ́kọ wà lára ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ àwa Yorùbá. Ilẹ̀ Austria ni wọ́n ti bí i ní 1915. Ó dé Nàìjíríà ní 1950, kò pẹ́ tí ikọ́ ife fi gbé e ṣánlẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ pẹ́. Nígbà tí ara mókun, ó forí lé ọ̀dọ̀ Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ. Ó di olórìṣà, wọ́n sì ń pè é ní Àdùnní Olórìṣà. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bíríkìlà, gbé ère sìmẹ́ǹtì ró láàárín igi. Ẹni ọdún 93 ni nígbà tó kú ní 2009.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí àwọn ère náà, tó wọ mọ́tò l'Óṣòdì ní Èkó láàárọ̀, lè dé igbó náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kó wọ bàtà tó dúró dáadáa. Ilẹ̀ etí odò Ọ̀ṣun a máa yọ̀.