Orí Amọ̀ Láti Nok
Amọ̀ sísun, nǹkan bí ọdún 2,500 sẹ́yìn.

Ẹ wo ojú àwọn ère Nok, tí a fi orúkọ abúlé kan ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná pè, dáadáa: ihò ni wọ́n fi ṣe ẹyinjú. Ihò yìí ń jẹ́ kí ooru rí ọ̀nà jáde, kí ère má baà fọ́ nínú iná. Ọgbọ́n ńlá ni.

Àwọn awakùsà tin ló kọ́kọ́ ń hú wọn jáde. Akọ̀wé ibi ìwakùsà kan nítòsí Jẹmáà tilẹ̀ gbé orí kan sóko iṣu rẹ̀ kó máa lé ẹyẹ! Onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn Bernard Fagg rí i ní àwọn ọdún 1940, ó sì ń kó irú rẹ̀ jọ títí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Jos fi ṣí ní 1952.

Ó dùn wá pé ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti jí hú tà sókè òkun. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hú u. Ẹ wá sọ fún wa ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.