Ṣé o mọ̀? Apá ẹni tó wọ Rolex ló ń fún un lágbára

Bí aago ọwọ́ bá dákẹ́, tó o gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnaagoṣe n'Íkòtún tàbí Ẹ̀gbẹ́dá, bátìrì ló sábà máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Rolex òde òní kò ní bátìrì rárá. Irin pẹlẹbẹ kan tó rí bí ìlàjì òṣùpá ló wà nínú rẹ̀. Bó o ṣe ń ju apá ni irin yìí ń yí, tó sì ń ká sípíríǹgì tó ń gbé aago náà rìn. Ọdún 1931 ni ilé iṣẹ́ Rolex gbé ọgbọ́n yìí jáde.

Ọmọ Jámánì ni Hans Wilsdorf tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1905, kó tó kó lọ sí Geneva, ní Switzerland, lọ́dún 1919. Lọ́dún 1926 ni wọ́n ṣe Oyster, aago tí omi kì í wọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, obìnrin òmùwẹ̀ kan, Mercedes Gleitze, fi ọ̀kan kọ́rùn wọ inú òkun tó wà láàárín England àti Faransé. Ó lò ju wákàtí mẹ́wàá lọ nínú omi tútù náà. Kò dé òdìkejì lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ aago rẹ̀ kò dákẹ́. Lójú tèmi, ẹ̀rí yẹn ju ìpolówó èyíkéyìí lọ.

Wo ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá dáadáa. Ti aago bátìrì sábà máa ń fò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ọ̀pọ̀ jù lọ Rolex òde òní ń sún nígbà mẹ́jọ, ìdí nìyẹn tó fi ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ibẹ̀ ni àṣírí ayédèrú tó ń lo bátìrì ti ń tú. Àmọ́ àwọn ayédèrú kan wà tí kò lo bátìrì, nítorí náà, jẹ́ kí atúnaagoṣe ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kó o tó sanwó.