ẸRAN ÌGBẸ́: ÀǸFÀÀNÍ RẸ̀ NÍNÚ ARA ÀTI BÍ A ṢE Ń SÈ É

Àwòṣe àròkọ aláàlàyé

Ìbéèrè: Kọ àròkọ aláàlàyé lórí ẹran ìgbẹ́, kí o sọ àǹfààní rẹ̀ nínú ara àti bí a ṣe ń sè é.

Kí o tó mú gègé rẹ

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí irú orí-ọ̀rọ̀ yìí ni yóò sáré bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọdẹ kan tí ó wọ igbó lóru, tí ó rí ẹtu, tí ó sì yìnbọn. Kí wọ́n tó rántí ìkòkò ọbẹ̀, àkókò ti lọ. Ìtàn kọ́ ni a béèrè. Àròkọ aláàlàyé fẹ́ kí o mú ohun kan, kí o tú u palẹ̀, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lè mọ̀ ọ́n, kí ó sì lè ṣe é. Bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni? Èéṣe? Báwo? Bí o bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́sẹẹsẹ, o ti ṣe iṣẹ́ rẹ. Àwòṣe ìsàlẹ̀ yìí gùn ju èyí tí a ó béèrè lọ́wọ́ rẹ lọ; mo fẹ́ kí o rí ohun púpọ̀ yàn nínú rẹ̀ ni.

Ìlapa èrò

(i) Ìfáárà: ohun tí ẹran ìgbẹ́ jẹ́
(ii) Àǹfààní rẹ̀ nínú ara
(iii) Bí a ṣe ń yan èyí tí ó dára lọ́jà
(iv) Wíwí, kíkun àti yíyan
(v) Sísè
(vi) Àìsàn tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún
(vii) Ẹran tí kò yẹ kí a pa
(viii) Ìkádìí

Àròkọ

Bí a bá gbé iyán funfun kalẹ̀ níwájú ará Èkìtì tàbí ará Oǹdó, tí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí itan ọ̀yà sì yọrí nínú ọbẹ̀ náà, a kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀ ẹ́ kí ó wá jẹun. Ẹran ìgbẹ́ ni gbogbo ẹranko tí a kò sìn nílé, tí ọdẹ fi ìbọn, pàkúté tàbí ajá pa nínú igbó tàbí ní ọ̀dàn. Lára wọn ni ọ̀yà, òkété, ẹtu, èsúró, àgbọ̀nrín, ehoro, òòrẹ̀, àti àwọn ẹyẹ bí àparò àti awó. Oúnjẹ gidi ni. Ṣùgbọ́n láti ẹnu pàkúté títí dé inú àwo, ọwọ́ ènìyàn ni ó ń sọ ọ́ di oúnjẹ tàbí di májèlé.

Kí ni ara ń rí nínú rẹ̀? Èkíní ni èròjà tí ń mú ara dàgbà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní purotéènì. Nínú 100 gíráàmù ẹran tútù tí kò lọ́ràá, nǹkan bí 20 gíráàmù ni purotéènì. Òun ni ó ń kọ́ iṣan ọmọdé, tí ó sì ń tún ibi tí ó bàjẹ́ lára àgbà ṣe. Èkejì ni èròjà irin, tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Irin inú ẹran máa ń tètè wọ ara ju ti inú ẹ̀fọ́ lọ. Nítorí náà, ó wúlò púpọ̀ fún aboyún àti fún ọmọbìnrin tí ó ti bàlágà. Ẹ̀kẹta, ọ̀rá inú rẹ̀ kò pọ̀. Ẹranko tí ń sáré fún ẹ̀mí rẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè sanra bí èyí tí a so mọ́lẹ̀ tí a ń bọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi iyọ̀ púpọ̀ pa ẹran gbígbẹ mọ́, kò yẹ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru.

Àṣà kan wà láàrin wa tí ó yẹ kí a tún rò. Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ọmọdé bá ń jẹ ẹran púpọ̀, yóò jalè. Bàbá a jẹ itan, ọmọ a lá omi ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ń dàgbà àti ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú ni ara wọn ń béèrè rẹ̀ jù. Ẹ̀kọ́ ilé ni kì í jẹ́ kí ọmọ jalè, kì í ṣe àìjẹ ẹran.

Bí o bá dé ọjà tàbí ẹ̀bá títì tí a ti ń tà á, fi ojú àti imú rẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹran tútù tí ó dára kì í rùn, bí o bá sì fi ìka tẹ ara rẹ̀, yóò padà bọ̀ sípò. Lẹ́yìn náà, wá ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìbọn ni, wàá rí ojú ọta. Bí ó bá jẹ́ pàkúté, wàá rí àpá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ tàbí lọ́rùn. Bí ó bá jẹ́ ajá, wàá rí ojú eyín. Bí o kò bá rí ọ̀kankan, béèrè bí wọ́n ṣe pa á. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi oògùn apakòkòrò tí a ń fín sí oko pa ẹran, ooru iná kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé láti pa irú májèlé bẹ́ẹ̀. Ní ilé kan tí mo gbé rí, bàbá ilé ra ọ̀yà ńlá méjì ní ìdajì iye tí à ń tà á. Ara wọn ń dán, kò sí ọgbẹ́ kankan lára wọn, inú gbogbo ilé sì dùn. Èmi tí mo dé lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹun tán ni mo wá ọkọ̀ lóru tí ó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ènìyàn márùn-ún ni ó ń bì. Ọmọ tí ó kéré jù láàrin wọn ni ó sì pẹ́ jù níbẹ̀. Gbogbo wọn padà wálé. Ọ̀rọ̀ tí ìyá ọmọ náà sọ kò kúrò lọ́kàn mi: “A rí ẹ̀dínwó, a kò béèrè ìdí rẹ̀.”

Tí ẹran bá dé ilé, má ṣe jẹ́ kí ó sùn pẹ̀lú ìfun nínú. Ooru ilẹ̀ wa ń tètè ba ẹran jẹ́, inú ìfun ni ìbàjẹ́ sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wí irun rẹ̀ lórí iná igi, máa yí i, kí o sì fi ọ̀bẹ ha á títí awọ rẹ̀ yóò fi mọ́. Má ṣe fi táyà ọkọ̀ dá iná náà, nítorí májèlé wà nínú èéfín rẹ̀. Bí o bá ń kun ẹran náà, la ikùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́, kí ọ̀bẹ má baà kan òróòro. Bí òróòro bá fọ́, kíkorò rẹ̀ yóò ran ẹran. Ri ìfun mọ́lẹ̀ níbi tí ajá kò ti ní í hú u. Ṣa gbogbo ọta inú ẹran, kí o sì gé ibi tí ọta gbà kọjá sọnù, nítorí òjé ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọta, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Bí ojú ọgbẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ, jẹ́ kí ẹlòmíràn kun ún. Fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pákó kí o tó fi wọ́n gé ata tàbí ẹ̀fọ́.

Bí ẹran bá pọ̀ ju èyí tí a lè jẹ lọ́jọ́ kan, yíyan ni àwọn baba wa fi ń pa á mọ́. Ooru ń fa omi jáde lára ẹran, èéfín ń bá a gbógun ti kòkòrò. Ibi tí kò bá sí omi, kòkòrò kò lè bí sí i níbẹ̀. Nítorí náà, la ẹran náà sí méjì tàbí kí o gé e sí wẹ́wẹ́, kí ooru lè dé inú rẹ̀. Lo iná wẹ́rẹ́, kí ọwọ́ iná má ṣe jó o. Ẹran tí òde rẹ̀ dúdú, tí inú rẹ̀ sì tutù, ń bàjẹ́ lábẹ́ dúdú náà ni.

Sísè ni ó kàn. Ẹran tí kò lọ́ràá a máa le bí a bá fi iná líle kánjú sè é. Mú ìdajì ọ̀yà yíyan kan. Rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ha èéfín ara rẹ̀ kúrò, kí o sì ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Gé e, fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, bu omi tí ó bò ó mọ́lẹ̀, kí o sì dé e. Bí ó bá ti hó, dín iná rẹ̀ kù, kí ó máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Egungun ni yóò sọ fún ọ pé ó ti jinná: bí ẹran bá ń ṣí kúrò lára egungun, tí kò sí omi pupa níbẹ̀ mọ́, ó tó. Má ṣe da omi rẹ̀ nù, nítorí adùn àti èròjà ti wà nínú rẹ̀. Gbé epo pupa kaná níwọ̀nba, da ata rodo, tàtàṣé àti àlùbọ́sà tí o ti gún tàbí lọ̀ sí i, jẹ́ kí omi ata gbẹ, kí o fi irú sí i, lẹ́yìn náà kí o da ẹran àti omi rẹ̀ sí i. Bí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni o fẹ́, ibí yìí ni ẹ̀gúsí lílọ̀ ti ń wọlé. Já ewé efinrin sí i nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí o sọ̀ ọ́. Rántí pé ata àti efinrin kò lè sọ ẹran tí ó ti rà di tuntun.

Ẹ̀wẹ̀, a kò gbọdọ̀ fojú fo ọ̀rọ̀ àìsàn. Ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀ ní ìlú Lassa, ní apá ìlà-oòrùn àríwá Nàìjíríà. Èkúté kan tí ń gbé inú oko àti inú ilé ni ó ń gbé kòkòrò rẹ̀ kiri. Ìtọ̀ rẹ̀ lórí oúnjẹ lè kó o ran ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni mímú un pa jẹ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ibà náà ti ń jà jù. Nítorí náà, ọmọdé tí ń dẹ pàkúté mú èkúté ilé sun jẹ ń fi ẹ̀mí ṣeré ni. Ní ọdún 2014, àrùn Ebola wọ Èkó láti ara èrò ọkọ̀ òfurufú kan tí ó ti Làìbéríà wá. Ènìyàn 20 ni ó mú, ó sì pa 8 nínú wọn, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá fún ẹran ìgbẹ́ nígbà náà, ọjà sì dá àwọn tí ń tà á lágara. Òtítọ́ ni pé ènìyàn ni ó kó o ran ènìyàn ní Èkó, kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pẹ̀lú pé ẹni tí ó bá kun ẹranko tí ó ní àrùn náà lè kó o láti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, fi àdán, ọ̀bọ àti ìnàkí sílẹ̀; má ṣe jẹ ẹran tí ó kú fúnra rẹ̀; má sì ṣe jẹ ẹran tí kò jinná dénú.

Kì í ṣe gbogbo ẹran ni ó yẹ kí a pa. Akika, ẹranko onípẹ́ tí ń ká ara rẹ̀ jọ bí ọsàn, ti ń tán lọ nínú igbó wa. Ní ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé fohùn ṣọ̀kan láti fòfin de títà á láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. A kò gbọdọ̀ dẹ ìgbẹ́ nínú ọgbà ẹranko ìjọba ti Ọ̀yọ́ Ilé, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1991. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹran ìgbẹ́ láìba igbó jẹ́ lè sin ọ̀yà. Àwọn aládùúgbò wa ní orílẹ̀-èdè Benin ti ń sìn ín láti àwọn ọdún 1980. Nǹkan bí oṣù márùn-ún ni ó fi ń lóyún, a sì máa bí bíi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó sìn ín mọ ohun tí ó jẹ àti ohun tí ó pa á.

Ní ìparí, àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní í fún ẹnikẹ́ni jẹ. Iṣẹ́ ọdẹ kò parí nínú igbó. Lọ́wọ́ ẹni tí ń sè é ni ó parí sí. Ẹran ìgbẹ́ ń fún ara ní agbára bí a bá mọ ibi tí ó ti wá, tí a fọ ọwọ́, tí a sì ní sùúrù pẹ̀lú iná. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àkíyèsí fún akẹ́kọ̀ọ́

1. Wo bí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe dúró lórí kókó kan, tí kókó náà sì tẹ̀lé ìlapa èrò.
2. Mo lo ọ̀rọ̀-ìṣe tí iṣẹ́ náà ní: wí, kun, ha, rẹ, yan. Má ṣe kọ “ṣe ẹran náà” níbi tí èdè ti ní ọ̀rọ̀ fún un.
3. Mo ń bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ pẹ̀lú “o” nítorí pé mo ń kọ́ ọ ní iṣẹ́. Bí ìwọ bá yan “a” nínú ìdánwò, ó dára. Ṣùgbọ́n má ṣe fò láti ọ̀kan sí èkejì láìnídìí.
4. Ìtàn kan ṣoṣo ni ó wà nínú àròkọ náà, kò sì ju ìlà díẹ̀ lọ. Ó wà níbẹ̀ láti fi ìdí kókó kan múlẹ̀. Bí o bá yọ ọ́ kúrò, àlàyé yóò ṣì dúró.
5. Bí ọdún tàbí iye kan kò bá dá ọ lójú, fi í sílẹ̀. Àlàyé tí ó jẹ́ òtítọ́ láìní iye sàn ju iye tí o hùmọ̀ lọ.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kọ àròkọ aláàlàyé lórí “Ẹja gbígbẹ: àǹfààní rẹ̀ àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀”. Kọ ìlapa èrò rẹ ná.