Imí-ọjọ́ Inú Epo, Irin Inú Ooru

Láti Boundary ní Ajégúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá ò jìnnà, ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ òkun tó ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ sì ni mo gbé wá lónìí.

Gbogbo wa la mọ̀ pé omi ń mú kí irin dípata. Ṣùgbọ́n fáàfù tí èéfín ń gbà jáde nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn, omi ò kàn án, síbẹ̀ ó ń jẹ. Imí-ọjọ́ inú epo wà lára ohun tó ń jẹ ẹ́.

Ẹ rántí àdàlú. Ìkòkò kan náà la ti sè é, síbẹ̀ ẹ̀wà dá yàtọ̀, àgbàdo dá yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Nimonic 80A, irin àdàlú tí wọ́n fi ń ṣe irú fáàfù bẹ́ẹ̀. Níkẹ́lì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, krómíọ̀mù jẹ́ bíi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn hóró tín-tìn-tín tó ní alumíníọ̀mù àti titéníọ̀mù sì fọ́n ká inú rẹ̀. Àwọn ni wọ́n jẹ́ kó lágbára nínú ooru.

Krómíọ̀mù ni mẹ́gáàdì. Ó ń fi ọ́síjìn ṣe awọ fẹ́lẹ́ tó bo irin. Bí epo bá jó, imí-ọjọ́, iyọ̀ òkun àti fanádíọ̀mù inú epo á para pọ̀, wọ́n á yọ́, wọ́n á bó awọ náà. Imí-ọjọ́ á wọlé, á gbá krómíọ̀mù mú. Níkẹ́lì á wá kù láìní olùṣọ́. Níkẹ́lì nìkan kì í yọ́ àfi bí ooru bá dé ìwọ̀n 1455 sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Tí imí-ọjọ́ bá dà pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n lè yọ́ ní bíi 640 péré!

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Èyí tó pọ̀ jù nínú imí-ọjọ́ yẹn ń bá èéfín jáde ni, a sì ń fà á símú. Ní January 1, 2020, àjọ IMO dín imí-ọjọ́ inú epo ọkọ̀ òkun kù láti ìdá 3.5 sí 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àfi ọkọ̀ tó bá ní ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín. Lọ́dún yẹn kan náà, ECOWAS fẹnu kò pé dísù tó bá ń wọlé kò gbọdọ̀ ní ju 50 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Dísù yẹn ló ń wọ tírélà tó tò sí Àpápá àti jẹnẹrétọ̀ àdúgbò wa.

Ẹni tó ni ọkọ̀ lè ra fáàfù tuntun. Àwa ò rí ẹ̀dọ̀fóró rà. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń sọ òfin epo nínú ìròyìn, ẹ má yí ìkànnì padà.

Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́. Ó dìgbà kan ná.