Ta Ni A Ń Ṣe Ọdún Kérésìmesì Fún?

Nígbà tí oṣù Disẹ́ńbà bá ti wọlé, kò sí ẹni tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wí fún pé ọdún dé. Ọyẹ́ yóò máa fẹ́, ètè yóò máa là, eruku yóò máa sọ lójú ọ̀nà. Àwọn télọ̀ kì í sùn mọ́. Iná kì í kú ní ṣọ́ọ̀bù wọn títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn àti ní Balógun ní Èkó, ẹsẹ̀ kò gbèrò: ọlọ́jà ń polówó, oníbàárà ń ná ọjà, adìẹ ń ké nínú àgò. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ìdálẹ̀ ń di ẹrù wọn, wọ́n ń bọ̀ wá bá bàbá àti ìyá ṣe ọdún. Ohun tí ó dára ni gbogbo èyí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí olúkúlùkù dáhùn nínú ọkàn rẹ̀: ta ni a ń ṣe ọdún náà fún?

A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti ba àjọyọ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́. A kò sí lára àwọn tí ó rò pé onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Yorùbá ni wá; a mọ̀ pé ọdún tí a kò jẹ, tí a kò mu, tí a kò wọ aṣọ tí ó mọ́, kò jọ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pe àlejò, tí ó se ọbẹ̀, tí ó tẹ́ ẹní, tí ó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò náà síta, tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì jókòó ti oúnjẹ, kí ni a óò pe onítọ̀hún? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa fẹ́ rí pẹ̀lú Ọmọ tí a ń ṣe ọdún ìbí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ọdún yìí ti ṣe dé ilẹ̀ wa. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1842, Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ti Abẹ́òkúta padà dé Àgbádárìgì, ó sì bá Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. níbẹ̀. Àwọn méjèèjì jùmọ̀ ṣe ọdún Kérésìmesì. Ìjọ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n wọn kò tìtorí èyí kọ ẹ̀yìn sí ara wọn. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta níbẹ̀, kò sí dùùrù, kò sí aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Lẹ́yìn náà ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣogùn tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, túmọ̀ Ìhìnrere Lúùkù sí èdè wa, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1851. Odidi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884. Kí ìrẹsì tó di oúnjẹ ọdún káàkiri ilẹ̀ wa, ìtàn Ọmọ inú ibùjẹ ẹran ti wà lédè wa. Ìtàn ni ó ṣáájú, oúnjẹ ni ó tẹ̀lé e. Àwa ni a yí i padà.

Nínú ìtàn náà, ohun kan wà tí a máa ń kà kọjá. Ìlú Bẹ́tílẹ́hẹ́mù náà kún fún èrò ní àkókò tí a bí Olúwa. Késárì Àgọ́sítọ́sì ti pàṣẹ pé kí olúkúlùkù lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ènìyàn ń lọ sí ìlú baba wọn gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ wa ti ń bọ̀ wá sílé, kò sì sí àyè nílé èrò fún aboyún tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ pé. Bíbélì kò sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni kórìíra Màríà tàbí Jósẹ́fù. Àyè ni kò sí. Àìsí àyè yìí náà ni ọ̀tá ìgbàgbọ́ wa lóde òní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sẹ́ Kírísítì. Wọn kò ráyè fún un ni. Ìyá tí ó ti ń dáná láti òru kò ráyè dé ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ ọdún. Bàbá tí ń retí àlejò kò ráyè ka orí Bíbélì kan fún àwọn ọmọ rẹ̀. Akọrin ń kọrin, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ télọ̀ tí kò tí ì mú aṣọ dé.

Bí ó bá jẹ́ pé àìlọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni àdánù náà, bóyá a kì bá tí sọ ọ́ gùn tó báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbàgbọ́ bá kúrò láàárín ọdún, àwọn tálákà ni ìyà rẹ̀ ń kọ́kọ́ jẹ. Ta ni ó lè gbàgbé ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2024? Ní Baṣọ̀run, ní Ìbàdàn, ọmọdé 35 ni ó kú níbi tí èrò ti tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, níbi àríyá kan tí a pe àwọn ọmọ sí. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ènìyàn 10 kú ní Àbújá, 22 sì kú ní Òkíjà ní ìpínlẹ̀ Anámbra, níbi tí wọ́n ti lọ gba oúnjẹ ọdún. A kò kọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, a kò sì sọ pé inú ibi ni a fi pe èrò jọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí a bá kó èrò rẹpẹtẹ jọ sí ẹnu ọ̀nà kan ni a tó ń rántí ẹni tí ebi ń pa? Bí ilé kọ̀ọ̀kan tí ó ní ìkòkò lórí iná bá mọ orúkọ opó kan àti ọmọ aláìníbaba kan ní àdúgbò rẹ̀, ta ni yóò tún lọ tò láti òru nítorí àwo ìrẹsì kan?

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ó ti di àṣà pé bí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, a óò máa pín àpò ìrẹsì tí a ya àwòrán olóṣèlú sí lára. Ẹni tí ebi ń pa kò ní kọ̀ ọ́, kò sì yẹ kí a bá a wí. Ṣùgbọ́n Olúwa kọ́ wa pé ìtọrẹ tí a ṣe nítorí kí ayé lè rí wa ti gba èrè rẹ̀ tán. Ìrẹsì tí ó gbé àwòrán olówó dé ilé tálákà, ìpolongo ìbò ni, kì í ṣe Kérésìmesì. Ẹ fúnni, àní kí ẹ fúnni lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àpò náà wà ní funfun.

Ọ̀rọ̀ gbèsè tún wà níbẹ̀. Ní ayé àtijọ́, gbèsè òkú àti gbèsè ayẹyẹ a máa sọ ọmọ ọlọ́mọ di ìwọ̀fà. A rò pé a ti bọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá tí ó yá owó ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá ní Disẹ́ńbà, tí a sì lé ọmọ rẹ̀ wálé ní Jánúárì nítorí owó ilé ìwé, kí ni ó fi yàtọ̀? Ọmọ ni ó ń san gbèsè ọdún baba rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ni ẹlẹ́rìí wa. Ẹ̀yin ni ẹ ń rí àyè tí ó ṣófo lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí ilé ìwé bá wọlé.

Ẹ̀yin olùkọ́ kan náà ni a sì gbójú lé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé mọ Bàbá Kérésì onírùngbọ̀n funfun ju bí wọ́n ti mọ Ọmọ tí a tẹ́ sí ibùjẹ ẹran lọ. Bí ẹ bá ń kọ́ wọn ní eré ìbí Jésù, ẹ má jẹ́ kí ó parí sí ìyẹ́ áńgẹ́lì àti adé àwọn amòye. Ẹ bi wọ́n pé: ta ni ó wà ní àdúgbò yín tí kò ní àyè nílé èrò? Ọmọ tí ó bá dáhùn ìbéèrè yìí, tí ó sì gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀, ó ti ṣe ọdún.

Kí wá ni ṣíṣe? Àwa kò ní òfin tuntun láti mú wá. Ṣáájú ohun gbogbo, kí a fi wákàtí ìsìn sí ipò rẹ̀, kí a sì wá wákàtí ìdáná tí yóò bá a mu. Kí ọkọ àti àwọn ọmọ ran ìyá lọ́wọ́, kí òun náà lè ráyè jókòó nínú ilé Ọlọ́run. Ní alẹ́ tí ọ̀la yóò jẹ́ ọdún, kí olórí ilé pe gbogbo ará ilé jọ, kí ọmọ tí ó mọ̀wé ka orí kejì Ìhìnrere Lúùkù sókè lédè Yorùbá, kí ìyá àgbà tí kò mọ̀wé lè gbọ́. Kí a ya owó ilé ìwé sọ́tọ̀ kí a tó ya ti aṣọ. Kí àwo oúnjẹ tí ó kọ́kọ́ jáde láti ilé ìdáná lọ sí ilé ẹni tí kò lè san án padà; kí a má sì gbàgbé àwọn aládùúgbò wa tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn tí kì í gbàgbé wa nígbà ẹran Iléyá. Ìjọ àtijọ́ fún wa ní ọjọ́ méjìlá láti fi yọ̀, kí ọjọ́ Ìfihàn Olúwa tó dé ní ọjọ́ kẹfà oṣù Jánúárì. Kò sí ìdí tí a óò fi pa ara wa ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àlejò tí kò rí wa ní ọjọ́ 25 lè rí wa ní ọjọ́ 28.

Aṣọ ọdún yóò gbó, ìrẹsì yóò tán nínú ìkòkò, àwọn ará ìdálẹ̀ yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ohun tí yóò kù ni pé bóyá Ọmọ náà rí àyè nílé wa, tàbí kò rí i. Àdúrà wa ni pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ariwo ọdún lé Ọlọ́dún jáde. A kí gbogbo ẹ̀yin òǹkàwé wa pé ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Àmín.