Ọkọ̀ oníná: ẹ yẹ bátìrì rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Bí ẹ bá dúró ní ìkóríta kan ní Kútọnu, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Lomé lónìí, kò ní pẹ́ tí zémidjan kan yóò fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láìpariwo, láìrú èéfín. Alùpùpù oníná ni. Láti ọdún 2022 ni irú rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i ní Benin àti Togo. Bí bátìrì bá ń tán lọ, onízémidjan á yà sí ibùdó, á dá èyí tó ti lò padà, á gba òmíràn tó kún, á sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí bátìrì náà bá ti gbó, kì í ṣe òun ni yóò ra tuntun.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ra mọ́tò oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì tó bá mọ́tò wá ni yóò máa lò títí, òun ló sì sábà máa ń wọ́n jù nínú gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀ náà. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí owó kpayo sì fò sókè lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ń ronú ọkọ̀ tí kò ní í mu epo. Ìrònú tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ọkọ̀ oníná àlòkù láìmọ bí bátìrì rẹ̀ ṣe wà, ó lè jẹ́ pé ara ọkọ̀ nìkan ló rà.

Ohun méjì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀

Ẹ ronú kan ẹni tó ń ta kpayo lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní bídọ́ọ̀nù, ó sì ní àrọ tó fi ń da epo sínú ọkọ̀. Bí iye epo inú bídọ́ọ̀nù ṣe rí ni kWh ṣe rí fún bátìrì: ó ń sọ bí iná tó wà nínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bí ẹnu àrọ ṣe rí ni kW ṣe rí: ó ń sọ bí iná ṣe ń yára wọlé tó. Bátìrì ńlá tí a ń fi àrọ tẹ́ẹ́rẹ́ rọ iná sí yóò pẹ́ kó tó kún.

Mọ́tò oníná kékeré sábà máa ń lo bíi 16 kWh láti rin 100 kìlómítà. Nítorí náà, ẹni tó ní bátìrì 40 kWh lè rin ohun tó ju 200 kìlómítà lọ bí bátìrì náà bá ṣì le dáadáa. Bí ó bá sáré púpọ̀, tí ó kó ẹrù, tí ó sì tan ẹ̀rọ atútù sílẹ̀, kò ní rìn tó bẹ́ẹ̀.

100% kò túmọ̀ sí pé bátìrì le

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ jẹ́ ká fi Nissan Leaf ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó wà lára àwọn mọ́tò oníná tó pọ̀ jù lọ lọ́jà àlòkù káàkiri ayé. Ìparí ọdún 2010 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde, bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ 24 kWh. Nígbà tó wà ní tuntun, ó ń rin bíi 120 kìlómítà.

Ká ní ẹ rí ọ̀kan rà ní Kútọnu. Ẹ tan án, ó kọ 100% síwájú yín, inú yín dùn. Ẹ gbé ìyá yín sínú rẹ̀ láti Àjàṣẹ́ kí ẹ lọ kí àwọn ará ilé ní Kétu, ìrìn bíi 100 kìlómítà. Ẹ kọjá Pobè, ilé kò tíì tó, bátìrì ti tán. Kí ló dé?

100% kàn ń sọ pé bátìrì kún ni. Kò sọ bí ó ṣe tóbi tó. Bátìrì tó ti gbó dà bí ìkòkò tí ìdọ̀tí ti dì sí nísàlẹ̀: ẹ lè pọn omi kún un dé ẹnu, ṣùgbọ́n omi náà kò lè pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀.

Lára Leaf, àmì kéékèèké 12 wà létí àmì iná, ní iwájú awakọ̀. Àwọn yẹn ló ń sọ ìlera bátìrì. Bí ọ̀kan bá ti pa rẹ́, bátìrì ti pàdánù nǹkan bíi 15% agbára rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tún pa rẹ́ lẹ́yìn ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 6%. Èyí tó bá ku àmì mẹ́jọ ti pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọkọ̀ tó ń rin 120 kìlómítà tẹ́lẹ̀ wá di ọlọ́gọ́rin. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi dúró sójú ọ̀nà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka àwọn àmì yẹn. Ohun èlò kékeré kan tún wà tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ ìdarí ọkọ̀, tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Pẹ̀lú áàpù bíi LeafSpy, yóò sọ ìlera bátìrì fún yín ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ wa ọkọ̀ náà fún 20 kìlómítà, kí ẹ wo iye iná tó jẹ.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀

Irú bátìrì tó wà nínú fóònù yín, lithium-ion, ló wà nínú ọkọ̀ wọ̀nyí. Ooru a máa gbó o kíákíá. Bátìrì Leaf àkọ́kọ́ yẹn kò ní omi tó ń tù ú bíi ti àwọn ọkọ̀ oníná mìíràn. Ní ọdún 2012, àwọn tó ni ín ní Arizona, ìpínlẹ̀ kan tó gbóná gan-an ní Amẹ́ríkà, figbe ta pé àmì bátìrì ti ń pa rẹ́ kí ọkọ̀ tó pé ọdún méjì. Àwa náà mọ bí oòrùn ilẹ̀ wa ṣe rí.

Nítorí náà, ẹ máa gbé ọkọ̀ síbòòji. Bí ẹ bá ti sáré lójú ọ̀nà jíjìn, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀ kí ẹ tó fún un níná. Ẹ má ṣe jẹ́ kó wà ní 100% nínú oòrùn fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ má sì jẹ́ kó wà ní òfo. Fún ìrìn ojoojúmọ́, láàárín 20% sí 80% ló dára jù fún un. Àwọn bátìrì kan wà tí wọ́n ń pè ní LFP, bí èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ BYD: ìyẹn kò kọ kí ẹ máa rọ ọ́ kún. Ẹ bèèrè irú èyí tó wà nínú tiyín.

Gbígba iná nílé

Iná wa jẹ́ volt 220. Ihò iná ara ògiri tí a ń pè ní prise, bí a bá fi ampere 10 gbà á, ń fúnni ní 2.2 kW. Láti gbé bátìrì 40 kWh kúrò ní 20% dé 80%, ìyẹn 24 kWh, yóò gbà tó wákàtí 12. Ẹ má jẹ́ kí èyí bà yín lẹ́rù. Ẹni tó ń rin 40 kìlómítà lóòjọ́ kò nílò ju wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ lálẹ́.

Ẹ̀rù tó yẹ kó bà yín ni ti wáyà. Fóònù ń gba iná díẹ̀, ọkọ̀ ń fa iná púpọ̀ fún wákàtí gígùn láìdúró. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú ilé àtijọ́ lè gbóná títí yóò fi gbiná nígbà tí ẹ ń sùn. Ẹ má ṣe fi rallonge gba iná sí ọkọ̀. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ kó fa wáyà tó nípọn láti ìdí mítà, kó ní ìgékúrò tirẹ̀ àti wáyà tó wọlẹ̀. Bí prise bá ń gbóná lọ́wọ́, ẹ yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bí ọkọ̀ yín bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ tún ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ wáyà tó máa ń bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá ni wọ́n ṣe fún volt 120. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná wa.

Láti mọ̀ bóyá èrè wà níbẹ̀, ẹ wo iye tí SBEE tàbí CEET ń gbà lórí kWh kan, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 18. Iye tí 100 kìlómítà yóò ná yín nìyẹn, pẹ̀lú èyí tó ṣòfò nígbà gbígba iná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wé owó lítà epo méje.

Kí ẹ tó lọ

Ẹ kìlọ̀ fún mẹkáníkì yín: wáyà aláwọ̀ ọsàn tó wà lábẹ́ ọkọ̀ gbé iná tó lè pa ènìyàn. Kò gbọ́dọ̀ gé e, kò gbọ́dọ̀ tú u. Bátìrì kékeré volt 12 náà ṣì wà níbẹ̀ bíi ti ọkọ̀ elépo. Bí ó bá kú, ọkọ̀ kò ní jí, bí bátìrì ńlá tilẹ̀ kún.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ láti Kútọnu, ìrìn tó ju 200 kìlómítà lọ, ẹ ti mọ ilé tí ẹ ó ti gba iná lọ́nà kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.