Irin Ni Ká Kọ́kọ́ Tún Ṣe: Bí A Ṣe Ń Jí Ọkọ̀ Ìjàpá Àtijọ́ Dìde

Bí ọkọ̀ Ìjàpá bàbá yín bá ṣì wà lẹ́yìnkùlé ní Elegbeka, tí koríko ti hù bo táyà rẹ̀, ẹ má tíì pe àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Ó ṣeé tún ṣe. Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni pé ọ̀dà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń náwó lé, nígbà tó jẹ́ pé irin abẹ́ rẹ̀ ló ń jẹrà. Ọkọ̀ á máa dán lóṣù Kejìlá, òjò ọdún tó tẹ̀ lé e á sì tú àṣírí. Ẹ jẹ́ ká gbà á láti abẹ́ wá sókè.

Volkswagen Beetle lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ìjàpá tí gbogbo wa ń pè é la ó máa lò níbí. Ferdinand Porsche ló ṣètò rẹ̀ ní Jámánì ní àwọn ọdún 1930. Èyí tó kẹ́yìn jáde ní Puebla, ní Mẹ́síkò, lóṣù Keje ọdún 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ohun tó lé ní mílíọ̀nù 21. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry l'Ékòó lọ́dún 1975, lákòókò tí àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Udoji wọ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí tíṣà àti akọ̀wé náà fi lè máa ronú àtira mọ́tò. Ìtàn yìí wúlò fún iṣẹ́ wa. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n lẹ́yà: ẹ̀yà tuntun ṣì ń jáde lókè òkun, ẹ sì lè yọ ti àlòkù lára òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ máa mú ẹ̀yà àtijọ́ dání lọ sọ́jà kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn, torí mọ́dígáàdì ọdún 1967 àti ti 1975 kì í ṣe ọ̀kan náà.

Kí ni ìpáàrà gan-an? Irin, omi àti atẹ́gùn ló ń bí i. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í di ìyẹ̀fun pupa. Tí iyọ̀ tàbí ásíìdì bá tún dá sí i, kíá ni. Ìyẹ̀fun yìí máa ń gba àyè ju irin tó ti ara rẹ̀ jáde lọ, ìdí nìyí tí ọ̀dà fi máa ń wú sókè kí ihò tó hàn. Ó rí bí eyín tó kẹ̀: ojú ihò tí ẹ rí kéré sí ohun tó ti wà nínú. Dókítà eyín kì í dí eyín láì kọ́kọ́ gbẹ́ ibi tó bàjẹ́ kúrò. Kí páńẹ́ẹ̀lì-bítà yín náà má ṣe rọ bọ́dì fílà lé ìpáàrà lórí.

Ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, níbi tí Elegbeka wà, òjò máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Kẹwàá. Ẹrẹ̀ pupa ọ̀nà oko a máa lẹ̀ mọ́ abẹ́ mọ́dígáàdì. Òkè ọkọ̀ á ti gbẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹrẹ̀ yẹn á ṣì di omi mú mọ́ irin fún ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, fífọ abẹ́ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Omi, búrọ́ọ̀ṣì líle àti pátákó tí ẹ ó fi ha ẹrẹ̀ tó ti gan ti tó. Ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú oòrùn dáadáa kí ẹ tó wo ohunkóhun.

Apá méjì ni Ìjàpá ní, bóòtù ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀. Ṣáàsì ni ti ìsàlẹ̀: ọ̀pá ńlá oníhò kan láàárín, pẹ̀lú pẹrẹsẹ irin tí ẹsẹ̀ yín ń tẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Bọ́dì ni ti òkè. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lábẹ́ ilẹ̀kùn, irin gígùn kan wà tí inú rẹ̀ ṣófo. Heater channel ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó ń gbé ooru ẹ́ńjìnnì lọ síwájú nílẹ̀ olótùútù. Àpótí ẹ̀gbẹ́ la ó máa pè é. Ooru yẹn kò kàn wá, ṣùgbọ́n àpótí ẹ̀gbẹ́ kàn wá gidigidi, torí òun ló ń gbé bọ́dì ró. Omi tó bá wọ inú rẹ̀ kì í tètè rọ́nà jáde. Láti inú ni ìpáàrà ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ wá síta.

Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ gbé ìjókòó náà kúrò pátápátá. Bátìrì wà lápá ọ̀tún, lórí pẹrẹsẹ irin. Ásíìdì tó ti ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá lè ti jẹ ibẹ̀ débi tí ẹ ó fi máa rí ilẹ̀pa lábẹ́. Ẹ fi ìdí súkúdíráfà kan irin yíká. Irin tó yè á dún gbagan. Èyí tó ti kú á dún pòpò. Ẹ wá fi ẹnu rẹ̀ gún ibẹ̀. Bó bá wọlé, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, kí ẹ sì fa ìlà náà kọjá ibi tó bàjẹ́ títí dé orí irin tó yè. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe sí àpótí ẹ̀gbẹ́ láti òpin dé òpin, sí ibi tí táyà sípéà ń jókòó sí níwájú, àti sí òkè táyà ẹ̀yìn.

Nígbà tí ẹ ṣì wà lábẹ́ ìjókòó yẹn, ẹ nu orí ọ̀pá àárín mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣáàsì sí. Ẹ fi wé ti inú ìwé ọkọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ra Ìjàpá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ má san kọ́bọ̀ kan kí ẹ tó rí i pé méjèèjì bára mu.

Kí wẹ́dà tó tan iná, nǹkan méjì ni kó kúrò nínú ọkọ̀: bátìrì àti táńkì epo. Iwájú, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ni táńkì Ìjàpá wà, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n máa jó. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé táńkì náà ti gbẹ láti ọdún mẹ́wàá. Táńkì gbígbẹ léwu ju èyí tó kún lọ, torí èéfín epo tó kù nínú rẹ̀ ti pò mọ́ atẹ́gùn, ohun tó sì ń bú gbàù nìyẹn. Ẹ gbé e jìnnà, kí ẹ sì pọn garawa iyanrìn sí tòsí.

Bóòtù tó ti gan kò fẹ́ ìbínú. Ẹ da kẹrosíìnì tàbí dísù sí i lálẹ́, ẹ tún dà á láàárọ̀, kí ẹ tó fi sípánà kàn án. Èyí tí kò bá tú, kí wẹ́dà fi iná gbóná sí nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀.

Ibi gígé ni iṣẹ́ ti wá le, ibẹ̀ náà ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró ti oníṣẹ́ yín. Bí wọ́n bá gé àpótí ẹ̀gbẹ́ kúrò láìfi nǹkan ti bọ́dì, bọ́dì á tẹ̀, ilẹ̀kùn kò sì ní pa dé mọ́ títí láé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀pá irin dábùú ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn kí wọ́n tó gé ohunkóhun. Ẹ wọn àyè tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti bọ́dì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí wọ́n ṣe parí kí wọ́n tó bọ́ sí èkejì. Lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbé ilẹ̀kùn padà, kí ẹ sì wọn àyè náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Irin tí wọ́n máa fi rọ́pò gbọ́dọ̀ nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 1. Iná ńlá tí wọ́n fi ń jó géètì á lu irin bẹ́ẹ̀ jálẹ̀. Gáàsì ló dára, tàbí ẹ̀rọ wẹ́dà oníwáyà. Kí wọ́n fi í kán tó-tò-tó, níhìn-ín díẹ̀, lọ́hùn-ún díẹ̀, kí irin lè máa tutù. Bí wọ́n bá jó o lọ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ká. Irin tuntun tí wọ́n kàn lẹ̀ bo ti àtijọ́ kì í ṣe àtúnṣe, torí ìpáàrà ṣì ń jẹun lábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ha gbogbo irin títí á fi funfun, kí ẹ sì fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń dènà ìpáàrà kùn ún lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀rinrin alẹ́ kan ṣoṣo ti tó láti mú ìpáàrà padà wá. Ẹ dí ojú ibi tí irin méjì ti pàdé. Fún inú àpótí ẹ̀gbẹ́, ẹ fín òróró tó ń dènà ìpáàrà wọlé. Àwọn kan ń lo ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà nínú ẹ́ńjìnnì. Èmi kò fọwọ́ sí i: ó ń ba rọ́bà jẹ́, ó sì ń kó eruku jọ. Àwọn ihò kéékèèké tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn àti lábẹ́ àpótí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ má dí wọn o. Ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde.

Ó wá kan ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn ló wà, kò sì ní rédíétọ̀. Fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára. Béèlìtì kan ló ń yí fáànù àti dínámò pọ̀. Bí iná pupa bá tàn níwájú yín lójú ọ̀nà, béèlìtì lè ti já, ẹ́ńjìnnì á sì jóná láìpẹ́. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Àwọn páànù irin tó yí ẹ́ńjìnnì ká tún wà tí àwọn mẹkáníìkì kan máa ń jù nù pé kò wúlò. Àwọn ló ń darí atẹ́gùn náà, tí kì í sì í jẹ́ kí ooru abẹ́ padà sókè. Ẹ wá wọn dá padà.

Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì tó ti sùn pẹ́, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò wọn, kí ẹ fi sípánà yí i pẹ̀lú ọwọ́. Bó bá ń yí, inú mi dùn fún yín. Ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù, kí ẹ bu lítà 2.5 tuntun sí i. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tó ń gbé epo, torí èyí tó ti gbẹ a máa kán epo sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná.

Nípa àyípadà, bírékì ni kó ṣáájú agbára. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà àti sìlíńdà bírékì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí owó bá wà, ẹ fi bírékì onídíìsì sí ẹsẹ̀ iwájú. Bí Ìjàpá yín bá jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n ṣì ń lo bátìrì fóòtì 6, ẹ jẹ́ kí ríwáyà sọ ọ́ di 12, iná rẹ̀ á mọ́lẹ̀ lálẹ́. Ẹ so béèlìtì ìjókòó mọ́ ọn.

Àwọn tó fẹ́ àyípadà ńlá lè wo ohun tí Segun Oyeyiola ṣe. Nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀, ó sọ Ìjàpá kan di ọkọ̀ tó ń lo oòrùn àti atẹ́gùn, ìròyìn rẹ̀ sì tàn ká ayé lọ́dún 2014. Ó gbé páńẹ́ẹ̀lì sólà lé orí rẹ̀, ó fi fáànù amúnáwá sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì fi kún agbára sípíríńgì abẹ́ kó lè gbé bátìrì wúwo náà. Ọ̀pọ̀ ohun èlò rẹ̀ jẹ́ àlòkù. Iṣẹ́ takuntakun ni. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ lé e, ẹ mọ ìṣirò rẹ̀: páńẹ́ẹ̀lì 300 wáàtì lórí ọkọ̀ kékeré, nínú oòrùn ọjọ́ kan, kò lè fi bẹ́ẹ̀ gbé e ju kìlómítà 10 lọ. Atẹ́gùn tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀ bó ṣe ń sáré, bátìrì ló ń sanwó rẹ̀. Ẹ ó ṣì nílò iná ilé láti fi gba agbára sí bátìrì.

Ọ̀dà ló kẹ́yìn. Ẹ kùn ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní kùtùkùtù kí eruku ọyẹ́ tó gbéra, kí ẹ sì wọ́n omi sílẹ̀ yíká ibi iṣẹ́. Bí àwọ̀ bá yàtọ̀ sí ti inú ìwé, tàbí tí ẹ ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ kó rìsíìtì dání lọ tún ìwé ọkọ̀ ṣe, kí àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, sì yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó gbé e gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀.